Ohun Tí Ó Ru Ẹrù Lẹ́yìn: Ọjọ́ Kan ní Akpro-Missérété

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké erin. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kò jìnnà rárá. Láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, dé Akpro-Missérété, ẹni tí ó bá gun zémidjan kò ní lò ju bí ìdajì wákàtí lọ bí ọ̀nà bá dára. Síbẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹwàá, n kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà náà kọjá.

Ọkọ̀ bàbá wa ni ó gbé wa lọ. Peugeot 504 Break ni, èyí tí ó ní ọ̀wọ́ ìjókòó mẹ́ta. Funfun ni tẹ́lẹ̀ kí ó tó di àwọ̀ eérú. Bàbá fi í ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Dangbo àti Adjohoun fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Owó rẹ̀ ni a fi jẹun nílé wa, owó rẹ̀ náà ni a fi ra ìwé àti bàtà ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí Bàbá papò dà ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá wa ń retí owó ọkọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé àbíkẹ́yìn wa ṣì wà ní collège.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní èrò mìíràn lọ́kàn. Ó ti rí ẹ́ńjìnnì V6 kan, tí wọ́n yọ lára Peugeot 505 tòkunbọ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kútọnu. Ó ti san àsansílẹ̀. Ó ní òun yóò gbé e sínú ọkọ̀ Bàbá, òun yóò máa fi í kó èrò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, bí ó bá sì di ọjọ́ Àìkú, òun yóò bá àwọn ẹgbẹ́ òun sá eré. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í.

“Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ńkọ́? Ṣé yóò gbà á?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, 504 mà ni! Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Áfíríkà. Kò sí ohun tí ó lè ṣẹ́ ẹ̀yìn 504.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti Akpro-Missérété nìyẹn. Níbẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan wà tí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí Bàbá ti rà á. A fẹnu kò pé ohun tí ó bá sọ ni a ó ṣe.

Ọ̀nà tí ó gba àárín ilẹ̀ pupa

A fi ọjà Ouando sẹ́yìn ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ìyálọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Bí a ti ń jáde kúrò ní ìlú ni ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tí ilẹ̀ sì ń pọ́n sí i. Ilẹ̀ pupa yìí ni àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Ó dára fún àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i, a máa yọ̀ bí ilá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè wa lọ́dọọdún, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ojú ọ̀nà tí a gbà lọ́jọ́ náà wà láàárín òjò kejì, àwọn kòtò kéékèèké sì ti kún fún omi tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn kò mọ èyí tí ó jìn nínú wọn.

Akpro-Missérété jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn commune ẹkùn Ouémé. Porto-Novo wà ní gúúsù rẹ̀, Avrankou wà ní ìlà-oòrùn, Dangbo sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Arrondissement márùn-ún ni ó ní: Akpro-Missérété fúnra rẹ̀, Gomè-Sota, Katagon, Vakon àti Zoungbomè. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tí ó lé ní 127,000 níbẹ̀. Àwọn Gùn, àwọn Tọ̀rí, àwọn Wémè àti àwa Yorùbá ni a jọ ń gbé ibẹ̀. O lè kí ìyá kan ní Yorùbá kí ó dá ọ lóhùn ní Gùn, kí ó sì fi Faransé ṣírò owó rẹ, láìsí pé ọ̀rọ̀ ṣì ọ́ gbọ́ níbì kankan.

Ní etí ọ̀nà, a rí àwọn ìgò epo kpayo lórí tábìlì, epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà. Iye rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́ láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá lára wa, ó to kẹ́ẹ̀gì epo sí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí a kò fi rí ju orí rẹ̀ lọ. Àbúrò mi ní, “Ẹ wo alágbára!” Èmi ń wo táyà ẹ̀yìn alùpùpù náà, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Láàárín gbogbo èyí, ohùn kan ń kùn láti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, bí oyin nínú ilé àgádágodo. Bí àbúrò mi bá tẹ iná mọ́lẹ̀, ohùn náà a ga. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, a yí padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí òun ti gbà á.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Ọgbà bàbá mẹkáníìkì náà kò ní àmì tàbí ògiri. Igi máńgòrò ńlá kan ni òrùlé rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì tí ó ti ń kán síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wà níbẹ̀. “Patron” ni wọ́n ń pè é. Gùn ni bàbá rẹ̀, ará Sakété ni ìyá rẹ̀, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán.

A dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ṣé àlàáfíà ni ìyá yín wà?” Ó rìn kọjá lára wa, ó lọ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bí ẹni tí ó ń kí ẹṣin àgbà. “Ìwọ náà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Àbúrò mi ṣàlàyé ohun tí ó gbé wa wá. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí ó wa ọkọ̀ náà yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di ojú rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì fi igi tì í lábẹ́.

Irin gbọọrọ kan ni ó wà níbẹ̀, tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ táyà òsì. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní pont, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Faransé. Ní Èkó, ásù ni wọ́n ń wí. Ní àárín rẹ̀ ni ó ti wú bí ìkòkò. Inú ìkòkò yìí ni agbára ẹ́ńjìnnì tí ó ń bọ̀ láti iwájú ti ń yà sí ọ̀tún àti òsì. Jíà kékeré kan ń yí jíà ńlá, ọ̀pá irin méjì tí ó wà nínú ìhò pont náà sì ń gbé ìyípo yẹn dé ara táyà.

Bàbá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Epo tí ó dà jáde dúdú, ó sì ṣàn. Ó fi ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa ìwé funfun kan, ó sì nà án sí wa. Irin wínníwínní ń dán nínú rẹ̀ bí yanrìn etí òkun.

“Eyín jíà nìyẹn,” ni ó wí. “Ẹ ti ń mu ún bí àtẹ́ láìmọ̀.”

Ó ṣàlàyé pé eyín jíà inú 504 kò kàn ń yí lórí ara wọn. Wọ́n ń fà lórí ara wọn pẹ̀lú, nítorí pé jíà kékeré wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín jíà ńlá. Irú rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí ó fi nílò epo tí a ṣe fún irú jíà bẹ́ẹ̀, tí ó nípọn ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹni tí ó bá da epo ẹ́ńjìnnì lásán sí i, tàbí epo ayédèrú, kò ní rí ìyàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwé funfun yẹn ni yóò jẹ́rìí nígbà tí ó bá yá.

504 tí ó gba ẹ̀bùn kì í ṣe 504 tiwa

Àbúrò mi kò jáwọ́. Ó ka àwọn eré ńlá tí Peugeot ti borí ní Áfíríkà sílẹ̀ fún Bàbá, ó sì kà á dáadáa, nítorí pé ó ti kọ́ ìtàn yìí sórí. Ọkọ̀ 404 borí eré Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹrin: Nick Nowicki àti Paddy Cliff ní ọdún 1963 àti 1968, Bert Shankland àti Chris Rothwell ní ọdún 1966 àti 1967. Ní ọdún 1975, Ove Andersson fi 504 borí Safari kan náà. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé oní-V6 borí Safari, ó sì tún fi í borí eré Bandama ní Côte d’Ivoire lọ́dún náà.

“Ẹ rí i, Bàbá! V6 ni, 504 ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣẹ́.”

Bàbá jókòó sórí táyà àlòkù kan. “Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n o kò wo abẹ́ wọn.”

Ohun tí ó sọ lẹ́yìn náà ni n kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ní 504 tí ó borí ní ọdún 1975, àti Coupé ti ọdún 1978, kò ní irú ẹ̀yìn tí ọkọ̀ wa ní. Nínú tiwọn, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí kòtò, èkejì kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peugeot fẹ́ ṣe 504 Break tí yóò máa kó ẹbí àti ẹrù, wọ́n padà sí ọgbọ́n àtijọ́ ti 404, ìyẹn pont líle kan ṣoṣo láti ọ̀tún dé òsì. Wọ́n fi sípírìn mẹ́rin sí orí rẹ̀, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fa ọkọ̀ náà gùn. Ẹrù ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe eré.

“404 ńkọ́?” ni àbúrò mi bèèrè. “Òun náà ní pont líle, ó sì borí lẹ́ẹ̀mẹrin.”

“Ó dára, o gbọ́n. 404 ní pont líle, jíà inú rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Bí ejò ni ó ṣe lọ́, ìdẹ ni àgbá tí ó ń yí. Ó sì gba Safari. Ènìyàn mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?”

Àbúrò mi dákẹ́.

“Méjì,” ni Bàbá wí. “Awakọ̀ kan, ẹni tí ó ń ka ìwé ọ̀nà fún un kan. Àwọn mẹkáníìkì sì ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀yà ara tuntun. Síbẹ̀, má gbàgbé Bandama ti ọdún 1972. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà, kò sí ẹyọ kan tí ó parí rẹ̀. Ilẹ̀ yìí kì í bẹ̀rù orúkọ ọkọ̀.”

Ìṣirò lára ilẹ̀kùn

Ó mú ẹfun, ó lọ sí ara ilẹ̀kùn onírin tí ó gbé ti igi máńgòrò náà, ó sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta síbẹ̀: 170, 3.6, 4.

Ó ní kí a mú un bí àpẹẹrẹ pé agbára tí ẹ́ńjìnnì kan fi ń yí nǹkan, bí ọwọ́ ti ń lọ́ aṣọ tí a fẹ́ fún, jẹ́ 170 lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò. Jíà kìíní sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6. Jíà inú pont tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí ó dé ẹ̀yìn ti kọjá 2,400. Ìdajì rẹ̀ lọ sí ọ̀pá ọ̀tún, ìdajì sí ti òsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá lágbára sí i ní iwájú, gbogbo àlékún rẹ̀ ni a ó sọ di ìlọ́po mẹ́rìnlá àti díẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀yìn.

“Nítorí náà, V6 yóò ṣẹ́ ẹ?” ni èmi bèèrè.

“Rárá. Gbọ́ mi dé òpin.” Ó tẹ yanrìn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. “Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, tí o sì tẹ iná mọ́lẹ̀ lójijì, kí ni táyà yóò ṣe? Yóò yí lásán lórí yanrìn. Eruku yóò sọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò pàtẹ́wọ́. Bí táyà bá ti ń yọ̀ báyìí, agbára tí ì bá lọ́ ọ̀pá irin náà ti bá eruku lọ. Táyà tí ó ń yọ̀ ń gba irin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ènìyàn mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀ kan náà. Gbé àpò àgbàdo márùn-ún lé e lórí. Bọ́ sórí ọ̀dà. Wá tẹ iná. Ẹrù ti tẹ táyà mọ́lẹ̀, kò lè yọ̀ mọ́. Ibo ni agbára náà yóò lọ?”

Ó padà sí ara ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 70, ènìyàn mẹ́sàn-án jẹ́ kílò 630. Bí àpò àgbàdo kan bá wọn kílò 100, márùn-ún jẹ́ 500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,130, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹ̀yìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jókòó sí. Ènìyàn méje tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún kò ju 490 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrù tí ó dúró jẹ́ ẹ́ yàtọ̀ sí ẹrù tí ó ń fò: ìgbà tí táyà bá já sínú kòtò, ohun tí pont ń gbà lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

“Mo ti rí pont 504 tí ó ṣẹ́,” ni Bàbá wí. “N kò tíì rí èyí tí ẹ́ńjìnnì nìkan ṣẹ́. Ẹrù ni ó ń pa á, kòtò ń ràn án lọ́wọ́, epo burúkú sì ń gbẹ́ sàréè rẹ̀. Bí o bá wá fi V6 kún un, o ti yá ikú ní ẹṣin.”

Irin tí ó so mọ́ igi

Lára ẹ̀ka igi máńgòrò náà ni irin kan so mọ́ pẹ̀lú wáyà. Mo ti rí i láti ìgbà tí a ti dé, mo rò pé agogo ni wọ́n fi í ṣe. Bàbá sọ fún ọmọ iṣẹ́ kan kí ó tú u wálẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀pá inú pont ni, ó gùn bí apá ènìyàn. Ó gbé ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ sí wa.

“Ẹ wò ó dáadáa.”

Ojú náà kò rí bákan náà. Apá kan dán, ó sì ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀lé ara wọn bí ti ẹ̀yìn ìkarahun. Apá kejì rí wúruwùru bí ẹni já ìrèké. Ó ní apá tí ó dán yẹn ni ọgbẹ́ àtijọ́. Ìlà kékeré kan ni ó bẹ̀rẹ̀, tí ojú kò lè rí, ní ọjọ́ tí ẹrù pọ̀ jù tí ọkọ̀ sì já sí kòtò. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn èyí, bí ọkọ̀ ti ń rìn, bí irin ti ń yí, ni ọgbẹ́ ń fi ìwọ̀n irun orí wọlé sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Apá wúruwùru ni èyí tí ó kù tí ó ń ru gbogbo ẹrù náà, títí di ọjọ́ tí òun náà kò lè rù ú mọ́. Ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹrù kò tilẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń búra pé òun kò ṣe nǹkan kan.

“Nínú irú pont yìí,” ni Bàbá wí, “bí ọ̀pá bá ṣẹ́, táyà lè bá a jáde.”

“Ọkọ̀ ta ni?” ni àbúrò mi bèèrè.

Bàbá wo èmi, ó wo òun. “Ọkọ̀ tí ẹ gbé wá síbí ni.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ó ròyìn rẹ̀ ní ṣókí. Àbúrò mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa nígbà náà. Ọjọ́ ọjà ni, Bàbá wa ń bọ̀ láti Adjohoun, ó kó ènìyàn mẹ́sàn-án àti àpò àgbàdo bí gbogbo awakọ̀ ti ń ṣe. Ọ̀pá òsì ṣẹ́, táyà jáde, ọkọ̀ fi ìdí wọ́lẹ̀, ó sì yà sínú igbó. Kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó ń ta ẹja pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bàbá wa ni ó sanwó ìtọ́jú rẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un lóṣooṣù títí tí ìyá náà fi kú.

“Òun ni ó ní kí n so irin yìí mọ́bẹ̀,” ni Bàbá mẹkáníìkì wí. “Ó ní kí n máa fi í han àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò fẹ́ kí ẹ̀yin mọ̀.”

Nígbà náà ni ohun kan yé mi. Ní gbogbo ìgbà èwe mi ni mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibùdókọ̀. Wọ́n ní agbéraga ni, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, nítorí pé bí ènìyàn méje bá ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ tán, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì lọ, bí ẹni kẹjọ bá tilẹ̀ ń sá tẹ̀lé e pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìyá wa náà máa ń bá a jà nítorí owó tí ó ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò fèsì rí. Èmi pàápàá tijú rẹ̀ nígbà kan.

Àbúrò mi gba irin náà lọ́wọ́ Bàbá. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa apá tí ó dán, ó pẹ́ kí ó tó dá a padà.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tí ẹ lè ṣe

Bàbá mẹkáníìkì kò kọ V6 fún un. Ó ní bí ó bá fẹ́ sá eré, kí ó wá ọkọ̀ mìíràn tí kò ní kó èrò, kí ó mú gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ó yẹ inú pont wò lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì sá a lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà. Bí ó bá sì fẹ́ kó èrò, kí ó fi ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣe pont yẹn mọ ẹ́ńjìnnì tí yóò máa yí i, wọ́n mọ ènìyàn tí yóò jókòó lé e. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe. Àyè kan náà ni. Bí o bá ná an tán sórí ẹrù, kò ní kù fún eré.

Àbúrò mi bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ó pe ẹni tí ó gba àsansílẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Kò rí gbogbo owó náà gbà padà. Ìdajì rẹ̀ tí ó rí ni a fi ra bíárìn méjì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò, àti epo jíà gidi. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àbúrò mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo jókòó lábẹ́ igi, mo ń kọ ohun tí Bàbá ń sọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tàbí tí ó ń wà á fún ẹlòmíràn:

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tí ń kùn láti ẹ̀yìn, tí ó ń yí padà bí ẹ bá tẹ iná tàbí tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, jíà tàbí bíárìn ni ó ń ké sí yín. Bí ọkọ̀ bá dún “gbà” nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jíà, àyè ti pọ̀ jù láàárín eyín kan àti èkejì. Bí epo bá ń jò lára táyà ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe rò pé omi òjò ni. Ó lè dé ara bíréèkì. Bí ẹ bá da epo pont nù, ẹ fi ìwé funfun wò ó. Eruku irin díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún tí ọwọ́ lè mú, ẹ má ṣe kó èrò lọ́jọ́ náà. Àti pé sípírìn tí ẹ fi kún ẹ̀yìn kí ó má baà tẹ̀ kò sọ pont di alágbára. Ó kàn fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún ojú yín ni.

A padà sí Àjàṣẹ́ ní àṣálẹ́. Ní oríta Vakon, àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wá ọkọ̀. Àbúrò mi dúró fún wọn. Àwa méjì ni a wà nínú ọkọ̀, nítorí náà márùn-ún ni ó gbà. Ọkùnrin kẹfà di ilẹ̀kùn mú, ó ní òun yóò há ara òun mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, òun yóò sì san ìlọ́po méjì.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú,” ni àbúrò mi wí fún un. “Ọkọ̀ ti kún.”

Ọkùnrin náà bú wa. Àbúrò mi ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí Bàbá ti máa ń ṣe, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ohùn tí ń kùn láti ẹ̀yìn ti dákẹ́. Títí tí a fi dé Ouando, kò sí ohun tí a gbọ́ ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà lọ, àti ìyá kan lẹ́yìn tí ó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè, ní èdè Gùn, iye tí wọ́n ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà.